Táìlì Nínú Ilé Onílé

Ìrẹsì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìjà ọjọ́ náà. Ìyá ní òun kò lè pe ènìyàn wá síbi ìgbéyàwó ọmọ òun, kí òun wá gbé tíì àti búrẹ́dì fún wọn bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Bàbá ní kí wọ́n fún wọn ní omi tútù, nítorí ẹni tó bá jẹun yó níbi ìgbéyàwó kì í padà wá bá tọkọtaya san owó ilé. Ìyá ní ọ̀rọ̀ owó ilé kọ́ ni àwọn ń sọ. Bàbá ní ọ̀rọ̀ tí òun ń sọ láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn, ó gbé ife tíì rẹ̀ ka ojú fèrèsé, ó sì kọjú síta.

Ọmọbìnrin wọn dúró láàárín àwọn méjèèjì, ó ń lọ kọ́tìnì. Aṣọ lílọ ni iṣẹ́ rẹ̀, ní ilé ìfọṣọ kan tó ń gba aṣọ ilé ìwòsàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó ni gbogbo agbo ilé ti ń pè é ní Ìyàwó. Onídìrí ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, obìnrin kan tó ń dirun lẹ́nu yàrá tó kọjú sí tiwọn, tí kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan kọjá lọ kó má fọwọ́ kàn án. Ọmọbìnrin náà ti sọ fún wọn pé òun kò tíì di ìyàwó ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ṣebí Sátidé tó ń bọ̀ ni, kí ló kù.

Ohun tó kù ni kọ́kọ́rọ́. Bàbá kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ọkọ ọmọ rẹ̀ bí kò ṣe yàrá tó ní ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́, kí òun sì fojú ara òun rí i kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Bí òun kò bá rí i, kí wọ́n má ṣe gbé àga kalẹ̀ de òun níbẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni kí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún tó kọ̀ láti ká. Ó ní òun ti gbé tọkọtaya púpọ̀ tòun ti ẹrù wọn láti ilé ẹbí kan lọ sí òmíràn, òun kò sì fẹ́ kí ọmọ òun wà lára wọn.

Òní ni wọ́n fẹ́ lọ gba kọ́kọ́rọ́ náà.

Ọkọ ìyàwó dé nígbà tí búrẹ́dì kù díẹ̀ kó tán. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì wà ní abẹ́ èékánná rẹ̀, kì í sì í kúrò níbẹ̀, nítorí táìlì ló ń lẹ̀ jẹun. Gúnrégé ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é. Kò lè rí ohun tó wọ́ kó fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá kí àwọn òbí ọmọbìnrin yìí, kó tó jókòó ló ti nawọ́ tún kàlẹ́ńdà ara ògiri wọn ṣe. Bàbá wò ó títí ní ọjọ́ náà.

Ìyá bu tíì fún un, ó sì béèrè bóyá wọ́n ti gbá yàrá náà, kí àwọn lè mú ọwọ̀ dání. Gúnrégé rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kí wọ́n má ṣe sọ̀rọ̀ ọwọ̀. Ó ní bí wọ́n bá dé ibẹ̀, aṣọ rírọ̀ ni wọn yóò fi nu ún.

Ìyàwó gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

"O ti lẹ táìlì sí i."

Gúnrégé ní òun fẹ́ kó jẹ́ ohun tí yóò ṣàdédé rí ni. Ilẹ̀ náà rí gbágungbàgun, òun kò sì lè mú ìyàwó wọ inú irú rẹ̀, òun tí òun ń tẹ́ ilẹ̀ fún gbogbo ayé. Ìyókù iṣẹ́ oríṣìíríṣìí ni àwọn táìlì náà, èyí tí àwọn ọ̀gá òun máa ń ní kí òun kó dànù, tí òun ń kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọ̀ mẹ́ta ni wọ́n. Òun gé wọn, òun tò wọ́n débi pé ìlà kan ṣoṣo ló lọ láti ẹnu ilẹ̀kùn dé abẹ́ fèrèsé, kò sì yà sí ibì kankan. Lálaalẹ́, bí òun bá ti kúrò níbi iṣẹ́, ibẹ̀ ni òun ń gbà lọ. Tíṣà, ìyẹn onílé, ń yá òun ní kọ́kọ́rọ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ, Tíṣà fúnra rẹ̀ ló ń gbé àtùpà fún òun.

"Ṣé wọ́n ti fún yín ní kọ́kọ́rọ́ náà, àbí wọ́n ṣì ń yá yín?" ni Ìyàwó bi í.

Ìgbà tí inú bá bí i nìkan ló máa ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀. Gúnrégé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ṣebí àwọn ti san owó àsansílẹ̀, ṣebí àgbàlagbà náà ti fẹnu sí i, ṣebí kọ́kọ́rọ́ náà ni wọ́n ń lọ gbà yìí. Ìyá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó jẹun, nítorí ọwọ́ tí kò lè sinmi kì í ṣe àbùkù fún ọkọ. Ìyàwó ní òun kò sọ pé àbùkù ni. Ohun tí òun sọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rí yàrá náà ni pé kí ó má ṣe fi ìṣó kan kan ibẹ̀ títí wọn yóò fi gbà á, ó sì ti mi orí pé òun ti gbọ́.

"Bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà," ni Bàbá wí. Ojú fèrèsé ló sọ ọ́ sí. Kò parí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bá a parí rẹ̀.

Onídìrí ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Bí wọ́n ti ń jáde lọ, ó di irun oníbàárà rẹ̀ mú, ó ní òun ti gbọ́ pé ilẹ̀ ilé Ìyàwó ń dán, kí wọ́n rántí kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé kí àlejò wọ bàtà tí kì í yọ̀.

Ilé Tíṣà kò jìnnà, orúnkún Bàbá ló sọ ọ́ di jíjìnnà. Gúnrégé ń lọ síwájú, ó ń padà wá sẹ́yìn. Ìyá kò tíì fi ọ̀rọ̀ ìrẹsì sílẹ̀. Ibi ìdáná ilé ìwé ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì mọ ẹni tó lè yá wọn ní ìkòkò. Ìyàwó gbé kọ́tìnì tó lọ sí apá, ó sì ká a síbi tí kò ní í rún.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ni ilé náà, yàrá wà ní ọ̀tún àti ní òsì, ìdáná kẹrosíìnì kan sì wà lẹ́nu yàrá kọ̀ọ̀kan. Tíṣà ń gbé yàrá iwájú. Omi ẹ̀rọ, balùwẹ̀ àti ṣáláńgá wà lẹ́yìn. Yàrá tiwọn wà ní apá ọ̀tún, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé dáadáa.

Kọ́tìnì ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀.

Gúnrégé ká a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Obìnrin kan tó lóyún jókòó sórí páálí, ó ń fi ìdérí ìkòkò fẹ́ ara rẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ táì ní ọjọ́ Sátidé ń wọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lọ síbi ògiri. Gúnrégé rò pé àwọn ti ṣi ilẹ̀kùn yà. Ó wo ilẹ̀ kí ó lè dá a lójú. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló wà nílẹ̀.

Tíṣà ti gbúròó wọn. Ó jáde wá pẹ̀lú ìwé ìròyìn lábẹ́ apá, ó kí Bàbá gẹ́gẹ́ bí àgbà ṣe ń kí àgbà, ó béèrè orúnkún rẹ̀, ó kí Ìyá kú ìpalẹ̀mọ́. Olùkọ́ ni kó tó fẹ̀yìn tì. Kì í gbóhùn sókè, gbogbo ẹni tó bá kéré sí i sì ni ọmọ rẹ̀. Ó fa àpò ìwé kan yọ láti inú àpò agbádá rẹ̀, ó sì ní kí àwọn fi sùúrù gbọ́ òun.

Ó ní yàrá tí òun àti àwọn ọmọ yìí jọ sọ̀rọ̀ lé lórí, yàrá onílẹ̀ lásán ni. Yàrá náà kò sí mọ́. Yàrá onítáìlì ló wà níbẹ̀ báyìí, iye tí wọ́n sì fi ń gba yàrá onítáìlì ní àdúgbò yìí kì í ṣe iye tí àwọn jọ fẹnu kò sí. Òun ìbá ti sọ pé kí wọ́n wá fi kún un, ṣùgbọ́n òun mọ agbára wọn, òun kò sì fẹ́ fi gbèsè bẹ̀rẹ̀ ìgbéyàwó fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ yìí tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì yọjú wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ó sì san gbogbo rẹ̀. Owó àsansílẹ̀ wọn nìyí, òun kò ná kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ó gbé àpò ìwé náà lé Ìyàwó lọ́wọ́, ó sì dàbí ẹni pé oore ló ń ṣe.

"Táìlì tó wà nílẹ̀ ńkọ́, sà?" ni Ìyàwó bi í.

"Ọmọ mi, ṣé èmi ni mo ní kó lẹ̀ ẹ́?"

Òótọ́ ló sọ.

"Ẹ̀yin lẹ gbé àtùpà fún mi, sà," ni Gúnrégé wí.

"Mo gbé e. Bí mo bá rí ọmọ ọlọ́mọ nínú òkùnkùn, ṣé kí n máa wò ó ni?"

Ìyá yí gèlè rẹ̀ padà lórí. Ó ní ẹni tí wọ́n bá fẹ́ sun jẹ kì í fi epo para kó wá jókòó sídìí iná. Ojú ọkọ ọmọ rẹ̀ ló ń wò nígbà tó sọ ọ́. Tíṣà mi orí sí i bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n nípa ẹlòmíràn.

Àwọn ayálégbé ti ń jáde sẹ́nu ọ̀nà wọn. Nígbà tí Tíṣà padà wọlé lọ láti lọ mu oògùn rẹ̀, wọ́n rí ẹnu sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan tó ń fọ eyín lọ́wọ́ ní àwọn mọ̀ pé bí yóò ṣe rí nìyí. Òun fúnra òun kun yàrá òun ní ọ̀dà ní ọdún tó kọjá, kí ọ̀dà tó gbẹ ni owó ilé ti lọ sókè. Ẹni tó wà ní yàrá ìpẹ̀kun ra fèrèsé tuntun, fèrèsé náà ni wọ́n fi lé e jáde. Nítorí náà ni wọn kì í fi í tún ohunkóhun ṣe nínú ilé yìí. Omi ẹ̀rọ ẹ̀yìn ń jò, gbogbo wọn mọ ibi tó ti ń jò, kò sì sí ẹni tí yóò fi ọ̀rá dì í. Obìnrin kan tó ń bó ẹyin fún ọmọ rẹ̀ ní àwọn ń gbóhùn òòlù Gúnrégé lálaalẹ́, òun sì máa ń sọ fún ọkọ òun pé ọmọkùnrin yẹn mọ iṣẹ́, ó ṣeni láàánú.

Ìyàwó bi í pé kí ló dé tí ẹnì kan kò fi sọ fún un.

Obìnrin náà ní àwọn rò pé ẹbí Tíṣà ni. Ọkùnrin tó ń fọ eyín tutọ́ sínú gọ́tà, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Àwọn tó kù ń wo ẹsẹ̀ ara wọn.

Àsìkò yìí ni wọ́n tó ṣàkíyèsí pé Gúnrégé kò sí láàárín wọn mọ́. Nígbà tó padà láti ẹ̀yìn ilé, níbi tó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sí, òòlù wà ní ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, irin ìgbẹ́ táìlì sì wà ní òsì. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ká kọ́tìnì kúrò, ó wọlé. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ kó ẹrù wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun fẹ́ kó ohun tó jẹ́ ti òun.

Ọkùnrin báńkì ní kó má dán an wò, òun yóò pe ọlọ́pàá. Ohùn rẹ̀ kò le. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo òòlù, ó tú táì rẹ̀. Aya rẹ̀ kò dìde lórí páálí.

"Ẹ jẹ́ kó wú u," ni ó wí. "Mi ò mọ̀ pé bó ṣe rí nìyí, kí Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n kó sọ ibi tí màá gbẹ́sẹ̀ lé fún mi."

Gúnrégé kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó fi irin sáàárín táìlì méjì. Ìyàwó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì rí i pé òun fẹ́ kó lù ú. Ó fẹ́ gbọ́ ìró rẹ̀. Kó fọ́, kó fọ́ pátápátá, kí onílé jáde wá wò ó.

Gúnrégé fi ìdí òòlù kan táìlì náà jẹ́ẹ́, bó ti máa ń ṣe láti mọ èyí tó dì àti èyí tí kò dì. Ó kan èyí tó tẹ̀ lé e. Ó tẹ etí sílẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, ìró náà yí padà, ojú rẹ̀ sì yí padà pẹ̀lú.

"Ta ló wọ́ nǹkan kọjá lórí eléyìí?" ni ó bi ọkùnrin báńkì. "Kò tíì gbẹ tán. Gbígbé lẹ̀ ń gbé e, ẹ kì í wọ́ ọ. Ẹ wò ó, etí ẹ̀ ti gbéra."

Ó fi òòlù sílẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ táìlì náà títí ó fi bá èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dọ́gba, ó sì fi ojú kan wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ó ní kí wọ́n má ṣe da omi sí i lónìí, kí wọ́n má sì gbé ohun tó wúwo kà á títí di ọ̀la. Ọkùnrin báńkì ní àwọn ti gbọ́. Ó tilẹ̀ dúpẹ́. Gúnrégé kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó jáde, ó sì dúró sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ohun tó bá wá.

Ìyàwó wò ó bó ṣe máa ń wo aṣọ oníbàárà tí áyọ́ọ̀nù ti jó. Ó kọjá lára rẹ̀, ó lọ síta.

Lẹ́nu ọ̀nà ni Tíṣà ti bá wọn. Ó ní òun kì í ṣe ẹni tí yóò ba ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Yàrá kan wà lẹ́yìn, nítòsí ṣáláńgá, tí òun ń kó ẹrù sí. Òun yóò fún wọn ní iye tí wọ́n san yìí gan-an, kí wọ́n sì máa san èyí tó kù díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ kò dára tó, òun kò ní í purọ́. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká Gúnrégé.

"Ọwọ́ rẹ dáa, ọmọ mi. Ilẹ̀ ẹ̀yìn náà wà níbẹ̀."

Ẹ̀gbẹ́ títì, lábẹ́ òpó iná, ni wọ́n ti jà á. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníṣọ́ọ̀bù kan, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ká, ó sì ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá. Ìyá dúró tì í. Gúnrégé ní òun kò lè gbé inú ilé ọkùnrin yẹn. Kí wọ́n sún ìgbéyàwó síwájú. Kí wọ́n wá ibòmíràn.

Ìyàwó bi í pé ibòmíràn wo. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń wá. Onílé kan ní òun kò gba tọkọtaya tuntun, nítorí wọn yóò bímọ, ọmọ yóò sì kọ nǹkan sára ògiri. Òmíràn ní ọ̀dọ̀ ìjọba ni kí ọkọ máa ṣiṣẹ́. Òmíràn gba owó lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó lè wo yàrá, wọ́n sì wò ó tán, wọ́n rí i pé ènìyàn ṣì wà nínú rẹ̀. Ó bi í pé níbo ni yóò sùn lálẹ́ òní. Ṣebí ó ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ ní yàrá tí òun àti àwọn òṣìṣẹ́ jọ ń gbé, ṣebí ẹlòmíràn ti tẹ́ ẹní síbẹ̀.

Gúnrégé ní ohun tó ń dun òun kì í ṣe yàrá. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni.

"Mo mọ̀," ni Ìyàwó wí. "Mo rí yín. Ẹ lọ fi òòlù wú u, ẹ wá bá wọn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èmi ni màá wá lọ máa gba ìwé ìpè padà lọ́wọ́ ènìyàn? Èmi ni wọ́n á máa pè ní Ìyàwó tí ò rílé wọ̀?"

Gúnrégé ní kò yẹ kó sọ ọ́ báyìí níwájú àwọn òbí rẹ̀. Ìyàwó ní níwájú àwọn òbí òun gan-an ló yẹ kí òun sọ ọ́. Ìyá ní ohùn wọn ti ń lọ sókè. Bàbá kò yí ọrùn rẹ̀ padà.

Ìyàwó gbé kọ́tìnì lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì padà wọ ilé Tíṣà lọ fúnra rẹ̀. Gúnrégé tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ìyàwó ní àwọn yóò gba yàrá ẹ̀yìn náà, ṣùgbọ́n kí ìwé jáde lónìí, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ òun kí owó tó kúrò lọ́wọ́ òun. Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ wọ̀, ó fa ìwé yọ, ó sì béèrè orúkọ ọkọ. Ìyàwó ní orúkọ òun ni kó kọ.

"Orúkọ ọkọ la máa ń kọ, ọmọ mi."

"Orúkọ ẹni tí ò mọ táìlì lẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ, sà."

Tíṣà wo Gúnrégé. Gúnrégé ń wo ìlà tó wà láàárín ògiri àti àjà. Tíṣà kọ ọ́.

Bàbá ní òun yóò rí i. Ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ yàrá náà, ó sì rì sínú kòtò kan lẹ́nu ọ̀nà. Òórùn ṣáláńgá wà níbẹ̀, kò pọ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ, kò sì kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ ti là káàkiri. Ní ibì kan, ó ti ṣí tán, yanrìn ló wà níbẹ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo tó ní kọjú sí ògiri ilé kejì. Ìyá béèrè bóyá ibí ni àlejò yóò wá jẹ ìrẹsì.

Bàbá na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́. Ó ti ilẹ̀kùn láti inú, ó ṣí i. Ó tún tì í, ó tún ṣí i. Ó dá kọ́kọ́rọ́ náà padà fún ọmọ rẹ̀, kì í ṣe fún ọkọ rẹ̀.

"Mo rí i," ni ó wí. "Ó di Sátidé."

Ó jáde. Ọ̀pá rẹ̀ ń dún lọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó dé iwájú yàrá apá ọ̀tún, ìró náà dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún tẹ̀ síwájú.

Wọ́n fi ọ̀sán náà gbá yàrá. Ẹrù Tíṣà ni wọ́n kọ́kọ́ kó jáde: tábìlì tó ti ṣẹ́, pátákó ìkọ̀wé kan, ìdì ìwé tí eku ti jẹ. Onídìrí wá bá wọn gbé fóòmù, nítorí Ìyá ti dé ilé sọ fún un. Ó ti múra ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ láti ojú ọ̀nà. Ó ní níbo ni táìlì tó ń dán náà wà, kí òun bọ́ bàtà òun. Nígbà tó wo ilẹ̀, tó wo ojú Ìyàwó, ó gba ọwọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń gbá ilẹ̀ lọ. Lẹ́nu omi ẹ̀rọ, obìnrin tó ń bó ẹyin ní àárọ̀ ń sọ fún ẹni tó ń pọn omi pé òun kò tíì rí irú rẹ̀ rí, ilé ẹni tó ń lẹ táìlì tí ilẹ̀ rẹ̀ rí bí ojú ọ̀nà oko. Ó rọra sọ ọ́, ṣùgbọ́n ògiri ilé náà kò nípọn.

Gúnrégé gbọ́ ọ. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé etí kòtò ẹnu ọ̀nà, ó sì ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn bó ti jìn tó.

"Gbẹ́sẹ̀ rẹ kúrò níbẹ̀," ni Ìyàwó wí.

Ó gbé e kúrò. Ó ní sìmẹ́ǹtì díẹ̀ ni, kì í ṣe táìlì. Ìyàwó ní yanrìn ẹ̀kúnwọ́ kan pàápàá, òun kò fẹ́. Bí ilẹ̀ yìí bá fi lè dọ́gba, ta ni yóò tún yọjú wò ó láti ẹnu ọ̀nà? Bí ọmọ bá ń rá lórí rẹ̀ ńkọ́, ni Gúnrégé béèrè. Ìyàwó ní ọmọ yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn kíákíá. Onídìrí kò rẹ́rìn-ín.

Ojú ọ̀run ti ń ṣú nígbà tí Tíṣà tún dé. Ó mú ẹnì kan wá tó ru ààbọ̀ àpò sìmẹ́ǹtì. Wọ́n gbé e kalẹ̀ síta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ó ní ẹ̀bùn ìgbéyàwó òun nìyí. Òun kò sọ pé kí wọ́n fi ṣe ohunkóhun. Ọjọ́ tí ọwọ́ ọmọ òun bá yá ni.

Gúnrégé wo àpò náà. Ìyàwó kúnlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ.

"A dúpẹ́, sà. Ilẹ̀ yín ni. Ẹ bá wa fi tún un ṣe."

Tíṣà dúró. Ó dàbí ẹni pé ó ń retí kí ọkọ sọ tirẹ̀. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ọmọ ayé òde òní kò ṣòro láti mú bínú, ó sì lọ. Kò gbé àpò náà lọ.

Onídìrí ní kí òun máa lọ kí òjò tó dé. Kò tíì pẹ́ tó lọ tí ẹ̀kán àkọ́kọ́ fi kan páánù. Àwọn ayálégbé sáré jáde láti kó aṣọ wọn lórí okùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì kọjá lára àpò náà. Wọ́n rí i. Ọkùnrin tó ń fọ eyín ní àárọ̀ yà fún un kó má bàa kọsẹ̀.

Òjò náà le. Gúnrégé dìde lórí fóòmù. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ pé ènìyàn kì í wo sìmẹ́ǹtì kí òjò máa pa á. Ọ̀gá rẹ̀ a máa nà wọ́n nítorí rẹ̀. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Omi ti ń wọ ẹnu àpò, ó ń ṣàn jáde lábẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, ó ń wá ọ̀nà gọ́tà.

Ìyàwó kò dì í mú.

"Jókòó," ni ó wí.

Ó dúró fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára férémù ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó padà, ó jókòó tì í, ó sì kọjú sí ògiri.

Láti yàrá iwájú, Tíṣà gbóhùn sókè. Ó ní kí ẹnì kan bá òun gbé sìmẹ́ǹtì yẹn wọlé. Nínú gbogbo yàrá ọ̀tún àti gbogbo yàrá òsì, ènìyàn ń sọ̀rọ̀, ṣíbí ń kan abọ́. Ọ̀rọ̀ náà dáwọ́ dúró. Ṣíbí dúró.

Ó pè lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí ẹni tó dìde.